Gegele Iwájú Ilé Wa

Pietranera, òkúta kìlómítà 43
Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá, ọdún 1963

Epifanio ọmọ mi,

Ṣé o jí ire? Ṣé ara le? Èmi ń bẹ. Orúnkún mi ọ̀tún máa ń ro mí bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ti òsì máa ń ro mí bí ó bá ti rọ̀ tán, nítorí náà mi ò nílò rédíò kan láti sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí fún mi.

Lẹ́tà rẹ tó dé kẹ́yìn, oṣù karùn-ún ni mo gbà á. Irọ́ pípa ti sú Liborio tó ń pín lẹ́tà. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti rí mi lókèèrè, á ní, "Bàbá Gandolfo, ó lè jẹ́ lọ́la o." Ní báyìí, ó kàn máa ń dẹ eré alùpùpù rẹ̀ lórí gegele iwájú ilé wa ni, á mi orí sí mi, á sì máa lọ.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà tuntun tó gba àfonífojì, kò sẹ́ni tó ń gba òkè yìí mọ́. Ọkọ̀ mẹ́rin ni mo kà lánàá. Ọ̀kan nínú wọn ṣìnà ni. Mo bá awakọ̀ náà sọ̀rọ̀ títí, mi ò tètè fi ọ̀nà hàn án.

Ọdún méjì ìyá rẹ pé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo gbé òdòdó lọ síbi ibojì. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó o ráyè wá. Ohun tí mo sọ fáwọn èèyàn lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀ náà nìyẹn.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ó pé ọdún mẹ́rin lóṣù yìí tí bọ́ọ̀sì ti gbé ọ lọ. Sọ ọjọ́ tó o máa wá fún mi. Bí kò bá sí ọjọ́, sọ pé kò sí, kí n lè yéé kun ilẹ̀kùn yàrá rẹ lọ́dọọdún.

Bàbá rẹ,
Gandolfo


Modena
Ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá, ọdún 1963

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìnìkanwà, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Mo mọ̀ pé mo jẹ̀bi, ẹ má tíì gbá tábìlì. Ẹ ka èyí tán ná.

Wọ́n ti gbé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ́ irin. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dán ọkọ̀ wò ni mo wà báyìí. Ọkọ̀ ìdíje kan là ń ṣe, ẹni méjì péré ló ń gbà, ó kúrú, ó súnmọ́lẹ̀, ìró rẹ̀ á sì jẹ́ kí ẹ dá ẹsẹ̀ dúró bí ẹ bá gbọ́ ọ. Lójú títì tó tẹ́jú, kò sí ọkọ̀ tó dà bíi rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé ojú ọ̀nà gbágungbàgun, wèrè rẹ̀ á dé. Nínú oṣù kẹfà, a gbé e lọ síbi ìdíje orí òkè kan. Bruno tó wà á bọ́ sílẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti bó, ó ní òun ò ní wọ inú rẹ̀ mọ́ àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ pe àlùfáà.

Ẹ wò ó, bó ṣe rí rèé. Apá irin méjì ló di táyà iwájú kọ̀ọ̀kan mú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí táyà bá gun gegele, àwọn apá yìí á bá a gòkè. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún wà tó ti ìdí sítíárìn wá so mọ́ táyà yẹn kan náà, òun ló ń yí i sọ́tùn-ún sósì. Bí ọ̀pá náà kò bá bá àwọn apá gòkè bó ṣe yẹ, á fa táyà yà. Awakọ̀ ò yí nǹkan kan o, ọkọ̀ ló ń yí ara rẹ̀. Ẹ rántí bí ẹ̀yin àti Màmá ṣe máa ń gbé àgbá wáìnì gun àtẹ̀gùn? Ẹ̀yin ga, Màmá kúrú. Bí ẹ bá ti gòkè báyìí, àgbá á fà yà, Màmá á máa pariwo pé ẹ fẹ́ pa òun. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ilẹ̀ ibí tẹ́ pẹrẹsẹ, àìsàn náà kì í fara hàn. Mo bá lọ bá Ẹnjiníà Malagoli, ọ̀gá wa. Mo ní, "Ọ̀gá, mo mọ ọ̀nà kan tó máa tú àṣírí ọkọ̀ yìí." Ó ní, "Níbo?" Mo ní, "Ọ̀dọ̀ bàbá mi ní Sísílì. Láti òkúta 43 dé òkúta 44, kò sí ibi tí táyà ti ń fẹsẹ̀ múlẹ̀."

Bàbá, ó gbà! Ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún Jósẹ́fù Mímọ́, nínú oṣù kẹta, la ń bọ̀. Ọjọ́ márùn-ún gbáko. Òtẹ́ẹ̀lì ìlú ni wọ́n máa sùn, ṣùgbọ́n ilé lèmi máa sùn. Bí a bá rí ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yìí, iṣẹ́ ìdánwò di tèmi nìyẹn. Bí a ò bá rí i, ìdí ẹ̀rọ ni màá padà sí.

Ọmọ yín,
Epifanio


Pietranera
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kọkànlá, ọdún 1963

Epifanio,

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà àkọ́kọ́, mo dìde lọ ṣí fèrèsé yàrá rẹ kí atẹ́gùn lè wọlé, àfi bí ẹni pé ọ̀la lò ń bọ̀. Nígbà kejì, mo rí orúkọ tó o sọ ọ̀nà mi. Nígbà kẹta, mo kó ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí, mo lọ gbẹ́ gọ́tà. Bí mi ò bá rí nǹkan gbẹ́ lọ́jọ́ yẹn, èsì tí ǹ bá kọ ì bá dùn ọ́ dénú egungun.

Kò sí ibi tí táyà ti ń fẹsẹ̀ múlẹ̀? Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀? Ìwọ tó jẹ́ pé ojú ọ̀nà yìí lo ti kọ́ ìrìn? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń tọ́jú rẹ̀, láti òkúta 41 dé 46. Àwọn ọkọ̀ ológun gba ibẹ̀ kọjá nígbà ogun, yìnyín jẹ ẹ́, omi òkè wọ́ ọ lọ lẹ́ẹ̀mejì, èmi nìkan pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti bárò ni mo sì ń dá a padà. Ọmọ wo ló ń mú ọ̀gá rẹ̀ wá wo ìhòòhò bàbá rẹ̀?

Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa wa ní àríwá lọ́hùn-ún. Wọ́n ní abẹ́ igi la máa ń jókòó sí látàárọ̀, tí à ń jẹ owó oṣù ìjọba. Ṣé kí ẹnjiníà rẹ wá fojú ara rẹ̀ rí i ni?

Ó dáa. Inú mi dùn ju bí mo ṣe ń bínú lọ. Ẹ máa bọ̀. Mo máa tẹ́ tábìlì Jósẹ́fù Mímọ́ bí ìyá rẹ ṣe máa ń tẹ́ ẹ, pẹ̀lú búrẹ́dì tí wọ́n ṣe bí irùngbọ̀n ẹni mímọ́ náà. Ní ti ọ̀nà, fi sílẹ̀ fún mi. Kí ẹ tó dé, màá ti ṣe ohun tó yẹ kí bàbá ṣe.

Gandolfo


Modena
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejìlá, ọdún 1963

Bàbá mi,

Ẹ kú ìmúra Kérésìmesì. Ẹ má bínú pé lẹ́tà yìí kúrú, ìdúró ni mo fi ń kọ ọ́. Inú mi dùn pé ẹ gbà. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ọ̀nà, ẹ má fi sínú, mi ò sọ pé ẹ ò ṣiṣẹ́.

Bruno máa kọ́kọ́ wá wo ibẹ̀ nínú oṣù kìíní. Ẹ tọ́jú rẹ̀, ènìyàn dáadáa ni.

Mo fi zampone kan ránṣẹ́. Ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni, tí wọ́n ki ẹran lílọ̀ sínú rẹ̀. Sísè ni o, lórí iná jẹ́jẹ́, wákàtí mẹ́ta. Ẹ má sun ún.

Epifanio


Pietranera
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní, ọdún 1964

Ọmọ mi àtàtà,

Ẹ kú ọdún o! Ọdún á yabo. Jókòó kó o tó ka èyí.

Iṣẹ́ ti parí. Ọjọ́ mọ́kànlélógójì! Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó títì fún ọjọ́ méjì kí wọ́n tó fún mi ní àgbá ọ̀dà dúdú mẹ́ta. Mo fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kó òkúta láti ìsàlẹ̀ odò. Ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú rẹ̀, inú yìnyín ni mo ti ṣiṣẹ́. Liborio ní, "Bàbá Gandolfo, ṣé Póòpù ló ń bọ̀ ni?" Mo ní, "Ẹni tó ń bọ̀ ju Póòpù lọ." Láti òkúta 43 dé òkúta 44 báyìí, kò sí kòtò kan tí adìẹ lè ti mu omi. Mo tilẹ̀ tẹ́ gegele iwájú ilé, èyí tí gbòǹgbò igi ọ̀pọ̀tọ́ gbé sókè. Ìyẹn dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n àlejò ló ń bọ̀. Kí ọ̀gá rẹ gbé wáìnì dání nínú ọkọ̀ náà, kò ní dà.

Bruno yín dé lọ́jọ́ kẹwàá. Ó bọ́ sílẹ̀, ó fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ìgbà wo ni wọ́n ṣe èyí?"

Mo ní, "Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan. Èmi nìkan ni mo ṣe é."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Àní gbogbo rẹ̀! Bẹ́ ẹ bá rí ibì kan tó ṣẹ́kù, ẹ wá fi hàn mí."

Ó fẹsẹ̀ rìn ín lọ, ó rìn ín bọ̀, ó sì kọ̀ láti jẹun. Kọfí nìkan ló mu. Ó dì mọ́ mi kó tó lọ, bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀. Ṣé inú máa ń run ún ni?

Ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ rẹ dé. Mo fi iyọ̀ pa á, mo sun ún lórí ẹyin iná. Ó bú gbàù! Ológbò wa ò tíì padà wálé títí di òní. Ìgbà tó yá ni mo tún lẹ́tà rẹ kà.

Ó ku oṣù méjì. Mo ti ń kà á.

Bàbá rẹ tó ń yangàn,
Gandolfo


Modena
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní, ọdún 1964

Bàbá,

Kí lẹ ṣe?

Bruno dúró láàárín wa, ó ní, "Ẹnjiníà, ọ̀nà yẹn dán ju pálọ̀ ìyá mi lọ." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Malagoli nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Macaluso, ẹni tí kò mọ bí ọ̀nà bàbá rẹ̀ ṣe rí, ṣé òun ló máa wá sọ ohun tó ń ṣe sítíárìn fún mi?" Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí màá fi ọwọ́ sí.

Gegele la fẹ́, Bàbá! Kòtò la fẹ́! Mo kọ ọ́ fún yín kedere. Kí la wá ń kọ lẹ́tà sí, bó bá jẹ́ pé èyí tó wù yín nìkan lẹ máa ń kà níbẹ̀? Ẹ sun ún, bẹ́ẹ̀ mo ní kẹ́ ẹ sè é.

Wọn ò wá mọ́. Èmi náà ò wá mọ́. Malagoli fún mi láyè dìgbà tí Àjíǹde bá kọjá. Bí mi ò bá ti rí ojútùú, ìdí ẹ̀rọ.

Àfi ọ̀nà, ọ̀nà, ọ̀nà. Nígbà tí Màmá kú, ọjọ́ kẹta ni wáyà yín tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Wọ́n ti sin ín. Mo ti ń bi ara mi láti ọdún méjì yìí wá: ṣé ẹ kọ́kọ́ parí iṣẹ́ ojú ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn kẹ́ ẹ tó rántí pé mo wà láyé?

Epifanio


Modena
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì, ọdún 1964

Bàbá mi,

Ẹ ò dá mi lóhùn. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ohun tí mo fi parí lẹ́tà yẹn, inú ló ń bí mi. Ṣé ara yín le? Bí ẹ ò bá fẹ́ kọ̀wé, ẹ ní kí Liborio kọ ọ̀rọ̀ kan péré fún mi.

Epifanio


Pietranera
Ogúnjọ́ oṣù kẹta, ọdún 1964

Epifanio,

Mo gba lẹ́tà méjèèjì. Mi ò kú.

Ohun tó o sọ nípa ìyá rẹ, mi ò ní dá ọ lóhùn lórí rẹ̀. Ẹyin lohùn. Èyí tó fọ́ ti fọ́, kí a máa wo ibi tí a ń lọ.

Lẹ́yìn tí mo ka lẹ́tà rẹ, mo mú díígà jáde. Mo ní màá gbẹ́ ọ̀nà náà padà bó ṣe wà. Mo dúró síbi òkúta 43, mo gbé díígà sókè, apá mi ò gbà kó sọ̀kalẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mi ò gbẹ́ kòtò sójú ọ̀nà rí láyé mi, Epifanio. Mo jókòó sórí òkúta náà, mo sunkún. Kò sẹ́ni tó ń gba ibẹ̀ kọjá tó lè rí mi, nítorí náà mo sun ún dáadáa.

Nígbà tí mo sunkún tán, mo ronú. Kò tilẹ̀ ní wúlò fún yín. Kòtò tí díígà gbẹ́, irọ́ ni. Kòtò tí òjò àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ gbẹ́, ó ní ẹnu tirẹ̀, ó ní ibi tó ti ń dagẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà gidi tó o fẹ́, mo ti pa á. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo pa ni mo kọ́kọ́ wọ̀n.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà tèmi nìyí: ìwé mẹ́rin tó wà nínú àpò tí Liborio ń gbé bọ̀. Láti ọdún 1932, gbogbo kòtò àti gbogbo gegele ló wà níbẹ̀: ibi tó wà, gígùn rẹ̀, gíga rẹ̀, bóyá táyà ọ̀tún ló ń gun ún tàbí ti òsì, àti iye ìṣísẹ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Wo ìwé kẹrin. Gbogbo bí kìlómítà 43 ṣe rí kí n tó tẹ́ ẹ ló wà níbẹ̀. Ẹ kọ́ ọ sínú ọgbà yín. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì kọ́ ọ, ẹ fi pákó kọ́ ọ, kò kàn mí.

Mo mọ̀ pé bí ẹ bá kọ́ ọ sọ́hùn-ún, kò sí ohun tó máa gbé yín wá síbí mọ́. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mo ń so okùn àpò náà.

Àná ni Jósẹ́fù Mímọ́. Mo tẹ́ tábìlì náà ṣá, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ní kí wọ́n bá mi ṣe búrẹ́dì náà. Àga mẹ́ta fún àlejò. Liborio jẹun lórí ọ̀kan, ó jẹ púpọ̀ kí n má baà bojú wo méjì tó kù.

Dá àwọn ìwé náà padà. Mo ṣì ń lò wọ́n.

Gandolfo


Modena
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹrin, ọdún 1964

Bàbá mi,

Ẹ jókòó. Ó ti tọ́!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe lọ. Nígbà tí àpò náà dé, mo gbé ìwé kẹrin lọ bá Malagoli. Ó ṣí i, ó kà á, ó tún ṣí òmíràn. Ó ní, "Ẹnjiníà wo ló wọn èyí?" Mo ní, "Olùtọ́jú ọ̀nà ni." Ó ní, "Mo bi ọ́ ní orúkọ rẹ̀." Mo ní, "Gandolfo Macaluso." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ gbé sìmẹ́ǹtì wá.

Ọ̀sẹ̀ méjì la fi kọ́ ọ sẹ́yìn ilé iṣẹ́. Kìlómítà 43 ti wà ní Modena báyìí, Bàbá. Ẹ̀kánkán iwájú ilé wa ni ọkọ̀ náà ti ya wèrè jù. Ẹ kọ ọ́ pé gegele náà ga ní sẹ̀ǹtímítà méje, táyà ọ̀tún nìkan ló ń gun ún, ìṣísẹ̀ mọ́kànlá lẹ́yìn rẹ̀ ni kòtò tó wà lápá òsì. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá yẹn ló tú àṣírí! Kí táyà ọ̀tún tó balẹ̀ dáadáa ni ti òsì ti ń wọ kòtò. Ọ̀pá sítíárìn á fa ti àkọ́kọ́ yà, á sì tún fa èkejì yà lé e. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àwa mọ̀ pé ó ń fà, a ò mọ ibi tó ti ń fà.

Wọ́ṣà mẹ́rin, òrùka irin pẹlẹbẹ lásán, Bàbá! A tú ìdí sítíárìn, a fi wọ́ṣà mẹ́rin gbé e sókè kí ọ̀pá náà lè máa bá àwọn apá gòkè pọ̀. Bíi pé ẹ gbé Màmá sórí àpótí kí èjìká yín lè dọ́gba. Lánàá, èmi fúnra mi ni mo wà á. Nígbà tí mo dé gegele iwájú ilé, mo gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí sítíárìn. Ọkọ̀ náà lọ tààrà. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà lábẹ́ mi.

Mo ka àwọn ìwé náà tán, Bàbá, kì í ṣe kìlómítà 43 nìkan. Mo dé ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ọdún 1961, ọjọ́ tí Màmá kú. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, pé: "Kò síṣẹ́. Provvidenza. Omi ti gbé afárá lọ. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìlú, mo rán wáyà sí Epifanio." Ọjọ́ kejì: "Kò síṣẹ́." Ọjọ́ kẹta: "Kò síṣẹ́." Nínú ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mi ò rí ọjọ́ mìíràn tẹ́ ẹ kọ bẹ́ẹ̀ sí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn táyà, mo fi ìwé náà bojú. Ẹ dárí jì mí. Wáyà náà ló pẹ́, ẹ̀yin ò pẹ́.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Kì í ṣe iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n wá láti ìgbà yẹn. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti wọ ilé tí Màmá ò sí. Mo ń wá ẹni tó máa rán mi níṣẹ́ wá sílé, kí n má baà fi ẹsẹ̀ ara mi wá.

Ìbéèrè kan rèé. Lọ́dọọdún, nínú gbogbo ìwé yẹn, ẹ ń kọ pé: "Gegele iwájú ilé: mo fi sílẹ̀." Gbogbo gegele yòókù lẹ tẹ́. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi èyí sílẹ̀? Nínú oṣù kìíní ọdún yìí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ pé: "Mo gé gbòǹgbò, mo tẹ́ ẹ."

Oṣù kẹfà ni ìdíje, mi ò lè kúrò níbí kó tó parí. Bóyá nínú oṣù kẹjọ. Mo mọ̀ pé mo ti sọ "bóyá" rí.

Ọmọ yín,
Epifanio


Pietranera
Ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún, ọdún 1964

Epifanio ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ bá mi láyọ̀, ó sì tún fi kún un. Àwọn ìwé náà ti dé, wọ́n pé. Mo rí ibi tí omi kán sí lójú ìwé ọdún 1961. Kò ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ó ṣeé kà.

Mo ka ti sítíárìn sókè fún Liborio. Nígbà tí mo dé ibi wọ́ṣà mẹ́rin, ó ní, "Bàbá Gandolfo, ẹ ti di ẹnjiníà." Mo ní kó máa pè mí bẹ́ẹ̀ ní gbangba.

O bi mí nípa gegele iwájú ilé. Ìyá rẹ ló ni í. Ọdún tí mo fẹ́ ẹ wá síbí ni mo fẹ́ gé gbòǹgbò yẹn, ó di ṣọ́bìrì mú. Ó ní, "Gandolfo, ibi tá a wà yìí jìnnà sí èèyàn. Bí ọ̀nà yìí bá tẹ́ tán, ta ló máa bojú wò wá?" Mo fi sílẹ̀ fún un. Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ọkọ̀ tó bá dé ibẹ̀ ló ń dẹ eré. Bí wọ́n bá ti dẹ eré, wọ́n á bojú wo ilé, wọ́n á juwọ́, òmíràn á béèrè omi, òmíràn á sọ ìròyìn ìlú. Ìyá rẹ mọ awakọ̀ tó lé ní ogójì lórúkọ. Ọjọ́ tó o lọ, bọ́ọ̀sì náà dẹ eré níbẹ̀. Ìyá rẹ rí ojú rẹ lẹ́ẹ̀kan sí i láti inú fèrèsé ọkọ̀ kó tó yí kọ́nà. Títí tó fi kú ló ń sọ ọ́, pé gegele òun ló fún òun ní ojú ọmọ òun lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nínú oṣù kìíní yìí, mo gé e nítorí ọ̀gá rẹ. Láti ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ tó bá kọjá, ó ti kọjá nìyẹn. Liborio pàápàá, bí kò bá ní lẹ́tà mi lọ́wọ́, eruku rẹ̀ ni mo ń rí. Kò ṣe é láti fi ṣèkà, ọ̀nà ló dán jù. Èmi ni mo ṣe é dán. Ọ̀sẹ̀ mìíràn wà tí mi ò ní gbọ́ ohùn ẹlòmíràn yàtọ̀ sí tèmi. Ó ń ṣe mí bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbì kan, Epifanio. Mi ò sọ ọ́ fún ọ rí, ṣùgbọ́n ìwọ náà ti jẹ́wọ́ tìrẹ.

O ní ẹ̀rù ilé tí ìyá rẹ ò sí ń bà ọ́. Ó ń ba èmi náà. Inú rẹ̀ ni mo ń gbé.

Ìdíje ni kó o dojú kọ ná. Mi ò ní ka oṣù kẹjọ, mo ti kà á jù nígbà tó kọjá. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí. Gbòǹgbò tí mo gé yẹn ò kú. Mo jáde pẹ̀lú ṣọ́bìrì, mo rí i tí ọ̀dà dúdú ti là níwájú ilé, kò tíì ju èékánná lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ọwọ́ kàn án. Èmi Gandolfo Macaluso rí ibi tí ọ̀nà mi ti là, mo sì gbé ṣọ́bìrì mi padà sílé. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé: mo fi sílẹ̀.

Ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, á ti ga padà. Ọkọ̀ tí ìwọ máa gbé wá kò ní mọ̀ ọ́n lára, o ti sọ fún mi, inú mi sì dùn sí i, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni. Síbẹ̀, tó o bá dé ibẹ̀, dẹ eré. Ìta ni mo máa ń jókòó sí.

Bàbá rẹ,
Gandolfo